Fọ́tò ara ẹ̀ ni Kẹ́hìndé fẹ́ẹ́ yà, làṣírí ọdún 45 bá tú

Ẹni tó bá rò pé fọ́tò yíyà ò ju kéèyàn kàn tẹ bọ́tìnnì lọ, kó lọọ bá Kẹ́hìndé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìyànà-Ìpájà. Obìnrin náà yóò fún un ní àga, yóò ní kó jókòó, yóò wáá rọra sọ fún un pé bọ́tìnnì yẹn kọ́ niṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ tó le jù nínú fọ́tò yíyà ni kéèyàn kọjú kámẹ́rà sí ara ẹ̀, kó sì fara balẹ̀ wo ohun tó bá jáde. Òun ṣe é lọ́dún 2024, ohun tó sì tìdí ẹ̀ jáde, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun òun dáadáa.

Télọ̀ ni Kẹ́hìndé. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1974, Èkó ló ti kọ́ṣẹ́, Èkó náà ló ti lọ́kọ tó sì bí ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa, ọmọṣẹ́ mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ayé ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí kọ́sítọ́mà bá fẹ́ẹ́ ránṣọ, yóò wá sí ṣọ́ọ̀bù, yóò wo èyí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Ní báyìí, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń béèrè pé, “Àǹtí, ẹ fi sítáì yín ránṣẹ́.” Bí Kẹ́hìndé bá fi fóònù ẹ̀ ya léèsì aláwọ̀ wáìnì, pupa fòò ló máa ń jáde. Ló bá ń sanwó fáwọn ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò ládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, ó sanwó kalẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó wáá ya aṣọ ìyàwó kan tóun ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán. Ìyàwó wọ aṣọ ẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n so wọ́n pọ̀ tán, oníkámẹ́rà ò tíì dé.

Ọjọ́ yẹn ni inú bí Kẹ́hìndé. Ó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, ó sì lọọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ fọ́tò yíyà n'Íkẹjà, gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́wàá sí aago kan.

Mọ́kànlá ni wọ́n nínú kíláàsì. Òun nìkan ló ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, àwọn yòókù ò tíì pé ọgbọ̀n. “Mummy” ni gbogbo wọn ń pè é. Tíṣà tó ń kọ́ wọn pàápàá, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí, Mummy náà lòun ń pè é. Kẹ́hìndé ì bá bí i dáadáa, síbẹ̀ “ẹ” ló fi máa ń bá a sọ̀rọ̀, “Tíṣà” ló sì ń pè é. Ó ní ẹni tó bá kọ́ni níṣẹ́, ọ̀gá ẹni ni, kò sí ti ọjọ́ orí níbẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ojú ẹ̀ rí màbo. Wọ́n ní ihò kan wà nínú lẹ́ǹsì tó ń fẹ̀ tó sì ń há, wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa dé ní ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ní nọ́ḿbà kan tún wà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ tó. Orí ẹ̀ wú. Ìgbà tí tíṣà rí i pé ó ti ń kán ọwọ́, ó ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká ní omi ẹ̀rọ lẹ fẹ́ẹ́ pọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ gbayawu, bọ́kẹ́ẹ̀tì á tètè kún. Bẹ́ ẹ bá ṣí i díẹ̀, ẹ máa dúró pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ lomi yẹn, fọ́tò yín ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá kún jù, ó máa funfun báláú. Bí ò bá kún, á ṣókùnkùn.” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti yé Kẹ́hìndé. Ó ní ẹni tó ti pọn omi rí ò gbọdọ̀ sọ pé fọ́tò le.

Àfi ìgbà tí wọ́n dé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Tíṣà ní iṣẹ́ tí kálukú máa lọọ ṣe nílé ni pé kó ya ara ẹ̀ ní fọ́tò. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní sé séfí náà ni tíṣà ń pè niṣẹ́. Tíṣà ní rárá o, kò sí ti fóònù níbẹ̀, kò sì sí pé kéèyàn na ọwọ́ síwájú. Orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà máa wà, ẹni náà á lọọ jókòó síwájú ẹ̀, kámẹ́rà á sì ya á fúnra ẹ̀. Kí wọ́n mú ẹyọ kan ṣoṣo wá, èyí tẹ́ni tó bá rí i máa fi mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ó ní kí wọ́n má rò pé nǹkan tuntun ni. Lọ́dún 1839, tí kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ọ̀dọ́kùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Cornelius gbé tiẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ẹbí ẹ̀ ti ń ta fìtílà ní ìlú Philadelphia, ó sì fi ya ara ẹ̀. Nígbà yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ dúró gbagidi ju ìṣẹ́jú kan lọ kí àwòrán tó lè mú. Fọ́tò náà ṣì wà títí dòní, ó sì wà lára fọ́tò ojú èèyàn tó pẹ́ jù lọ láyé.

Ó tún sọ ti Samuel Fosso fún wọn. Ọmọ Íbò ni àwọn òbí ẹ̀, láti Nàìjíríà níbí, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1962. Lẹ́yìn ogun Biafra, ó bá ẹbí ẹ̀ lọ sí Bangui, olú-ìlú Central African Republic, ibẹ̀ ló sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tiẹ̀ lọ́dún 1975, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Bí kọ́sítọ́mà bá ti lọ tán lálẹ́, tí fíìmù bá ṣẹ́ kù nínú kámẹ́rà, kò ní í jẹ́ kó ṣòfò. Á múra, á jókòó, á ya ara ẹ̀. Nínú fọ́tò wọ̀nyẹn ló ti ń fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà, kí màmá lè mọ̀ pé àlàáfíà lọmọ òun wà. Fíìmù àjẹkù yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Lọ́dún 2008, ó múra bíi Nkrumah, ó múra bíi Malcolm X, ó sì ya ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kẹ́hìndé gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé. Kò mọ̀ pé wàhálà ló ń lọọ bá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àga sí iwájú ògiri funfun tó wà ní pálọ̀ ẹ̀, ó gbé kámẹ́rà síwájú, ó yí i sí táímà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni kámẹ́rà fi máa ń ka nǹkan kó tó yà, iná pupa kékeré kan á máa ṣẹ́jú ní iwájú ẹ̀. Kẹ́hìndé tẹ̀ ẹ́, ó sáré, ó fẹsẹ̀ kọ́ wáyà fáànù, kámẹ́rà ya ìdí ẹ̀ níbi tó ti ń dìde nílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ ló mọ́ kedere, ojú tiẹ̀ rí bàìbàì bí ẹni wà nínú èéfín. Torí kò sẹ́ni tó jókòó lórí àga nígbà tó ń wo inú kámẹ́rà, ara ògiri ni lẹ́ǹsì ti dì mọ́. Ó tún un ṣe. Èyí mú un, ṣùgbọ́n ó dúdú bí èédú, ojú lásán ló hàn. Bó ṣe ní kóun tún kan yà báyìí ni NEPA mú iná lọ.

Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, fọ́tò mẹ́tàdínlógójì ló ti yà, kò sì rí ẹyọ kan tó wù ú. Ó kó wọn fún tíṣà wò. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú, ojú mi ò dáa nínú fọ́tò. Nínú dígí, mo ń rí ara mi, mo dáa. Nínú kámẹ́rà, bí ẹlòmíràn ni mo ń rí.”

Tíṣà ní ojú ẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Ó ní ti pé fọ́tò dúdú, ẹ̀bi ògiri funfun yẹn ni. Bí kámẹ́rà bá rí funfun tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, àwa aláwọ̀ dúdú á wáá ṣókùnkùn. Kó wá aṣọ tó dúdú kọ́ sẹ́yìn, kó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́wọ́ ọjọ́rọ̀. Ti pé imú ẹ̀ tóbi, ó sún mọ́ lẹ́ǹsì tó ń fẹjú nǹkan jù ni. Kó gbé kámẹ́rà sẹ́yìn díẹ̀, kó fi lẹ́ǹsì fa ara ẹ̀ wá sítòsí.

“Ti pé ẹ ń rí ẹlòmíràn,” tíṣà ní, “òótọ́ lẹ sọ, Mummy. Dígí máa ń yí èèyàn padà. Apá òsì yín, apá òsì náà lẹ ń rí i nínú dígí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú sí yín, apá ọ̀tún tiẹ̀ ló ti ń rí i. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dáyé, ojú inú dígí yẹn lẹ mọ̀. Ojú tí àwa yòókù mọ̀ sí yín, ẹ̀yin gan-an lẹ ò mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kẹ́hìndé lára. Tíṣà wáá ní kó lọọ wá fọ́tò ìgbà tó wà lọ́mọdé wá, kí wọ́n jọ wo bó ṣe jókòó nígbà tí kò tíì mọ ojú í tì. Inú Kẹ́hìndé dùn. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lòun ní, èyí tóun àti Táyé òun jọ yà.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, Táyé ti kú. Kẹ́hìndé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì í rí láti sọ ọ́ fún un. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá bi ìyá ẹ̀ pé Táyé dà, ìyá ẹ̀ á ní, “Táyé lọ sí Èkó.” Àwọn àgbà kì í fẹ́ẹ́ sọ pé ìbejì kú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú Kẹ́hìndé wá sí Èkó lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, gbogbo ọmọbìnrin tó bá rí lójú pópó ló ń wò lójú. Ìgbà tó dàgbà ló yé e. Ohun tó wá kù fún un ni fọ́tò dúdú àti funfun tó wà lára ògiri ìyá ẹ̀, tí wọ́n yà lọ́dún 1979, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ọmọbìnrin méjì ló jókòó nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, ọwọ́ lórí orúnkún. Nígbà tí Kẹ́hìndé ń lọ sílé ọkọ, ó bẹ ìyá ẹ̀ títí tó fi fún un ní ẹ̀dà kan. Láràárọ̀ ló máa ń kí Táyé nínú ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dáa, á sọ fún un. Bí ọkọ bá bí i nínú, á sọ fún un.

Fọ́tò yẹn ló gbé lọ sí kíláàsì. Tíṣà gbà á, ó ní ó dáa o. Ó gbé e sítòsí fèrèsé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu ẹ̀ kúrò. Ó ní, “Mummy, ta ni yín nínú àwọn méjèèjì?”

Kẹ́hìndé ní ẹni ọwọ́ ọ̀tún ni.

Tíṣà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, ọmọbìnrin tó lójú bí abẹ́rẹ́, ló yọjú wò ó, tó sì sọ ohun tí tíṣà ò fẹ́ẹ́ sọ. Ó ní, “Ẹni kan náà mà ni.”

Kẹ́hìndé ní, “Ìbejì ni wá, ṣé ẹ ò rí i ni?”

Tíṣà wáá rọra fi ìka hàn án. Bọ́tìnnì kejì lára aṣọ ẹni ọwọ́ òsì ò wọlé, bọ́tìnnì kejì lára aṣọ ẹni ọwọ́ ọ̀tún náà ò wọlé. Okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì ti ọ̀kan ti tú, okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì ti èkejì náà ti tú, bó ṣe ká sílẹ̀ níbí ló ká sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì dorí kọ ibì kan náà. Àárín wọn gan-an, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti òkè délẹ̀, àwọn àmì dúdú àti funfun tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ò sì bára mu níbi ìlà yẹn.

Tíṣà ní báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà fíìmù. Ọmọ kan ṣoṣo ni oní-fọ́tò yà. Nígbà tó wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ó fi páálí bo ìlàjì bébà, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gátíìfù kọjá sórí ìlàjì yòókù. Lẹ́yìn náà, ó gbé páálí sórí èyí tó ti ṣe, ó tún fi nẹ́gátíìfù kan náà tẹ ẹnì kejì. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, ọmọ kan á di ọmọ méjì.

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Kẹ́hìndé gba fọ́tò ẹ̀, ó fi gèlè ẹ̀ wé e, ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun, ó jáde. Inú ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Ìyànà-Ìpájà ló ti sunkún. Kì í ṣe torí pé Táyé kú, ìyẹn ti pẹ́. Ohun tó dùn ún ni pé gbogbo ọdún yẹn, ara òun lòun ń kí láràárọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé kámẹ́rà ẹ̀ dání, ó di Ìlá. Ìyá Ìbejì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ gbọ́, ọpọlọ ẹ̀ sì mú ṣáṣá. Kẹ́hìndé kúnlẹ̀ kí i. Kò tíì mu omi tó fi gbé fọ́tò yẹn lé e lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ta ni ẹnì kejì yìí?”

Ìyá wo ojú ọmọ ẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Ó ní, “Jókòó.”

Ó ní oṣù mẹ́jọ péré ni Táyé lò láyé. Èéyi ló mú àwọn méjèèjì. “Ìwọ la rò pé o máa lọ, torí ara tìẹ ló gbóná jù. Ìwọ là ń ṣọ́. Ìgbà tá a máa fi wẹ̀yìn wò, Táyé ló ti lọ.” Ìyá ọkọ ẹ̀ ní kí wọ́n lọọ gbẹ́ ère ìbejì bí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n díákónì ni bàbá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ère kankan ò ní í wọ ilé òun. Àárín àwọn méjèèjì ni ìyá ìbejì wà, kò lè tako ọkọ, kò sì lè sọ fún ìyá ọkọ pé irọ́ ló ń pa.

Nígbà tó di ọdún 1979, Kẹ́hìndé ń ṣàìsàn lọ ṣàìsàn bọ̀. Ìyá àgbà ní Táyé ló ń pè é. Ni oní-fọ́tò kan láàárín ìlú bá pe Ìyá Ìbejì sí kọ̀rọ̀, ó ní ọ̀nà kan wà tí kò ní í bí díákónì nínú, tí ìyá àgbà náà á sì fara mọ́. Fọ́tò ni, kì í ṣe ère. Ta ló máa bínú sí fọ́tò? “Bàtà méjì ni mo rà lọ́jọ́ náà,” ìyá ní. “O wọ ọ̀kan. Ìkejì ṣì wà nínú àpótí mi.”

Kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tóun náà ń ya fọ́tò, ṣe ìwádìí nípa àwọn oní-fọ́tò ilẹ̀ Yorùbá, ní Ìlá Ọ̀ràngún yìí gan-an, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò ìbejì tó kù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí èyí tó lọ náà lè wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin kan obìnrin kan ni, wọ́n á múra fún ọmọ náà lọ́kùnrin, wọ́n á yà á, wọ́n á tún múra fún un lóbìnrin. Ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ àti ilé mùsùlùmí tí kò gba ère láàyè mọ́, fọ́tò ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Kẹ́hìndé ní, “Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

Ìyá ní, “Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ pé Táyé ò sí níbẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, mo sì ń rí i. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mo sin, n ò rí i kó rìn. Ìwọ ló jẹ́ kí n mọ bí ì bá ṣe rìn.”

Kẹ́hìndé ò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ó dìde, ó bọ́ síta, ó lọọ dúró nídìí kànga. Ìgbà tó padà wọlé, oòrùn ti ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti rọ̀ wọ̀ọ̀ sínú pálọ̀. Ó rántí iṣẹ́ tí tíṣà fún un.

Ó bẹ ìyá ẹ̀ pé kó yá òun ní aṣọ òkè dúdú kan, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ó gbé àga tí ìyá ẹ̀ máa ń jókòó lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e jìnnà díẹ̀. Ti ẹni tó máa jókòó kí lẹ́ǹsì lè rí ojú dì mọ́, ó ní kí ìyá ẹ̀ bá òun jókòó. Ìyá jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí wọ́n ṣe ń jókòó fún fọ́tò láyé àtijọ́. Kẹ́hìndé wo inú kámẹ́rà, ojú ìyá ẹ̀ yọ kedere, ó ti lẹ́ǹsì pa síbẹ̀ kó má baà yí mọ́. Ó ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ dìde, ó tẹ táímà, ó lọọ jókòó síbi tí ìyá ẹ̀ ti dìde. Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni ìyá ẹ̀ dúró sí, ojú ẹ̀ ló sì ń wò títí tí kámẹ́rà fi dún.

Ó lọọ wò ó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún dáadáa, kò ṣàn dà nù. Àwọ̀ ara ẹ̀ jáde bó ṣe rí gan-an. Ojú ẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó sì dà bí ẹni tó ti sunkún, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ó fi han ìyá ẹ̀. Ìyá gbé ojú sún mọ́ ọn. Ó ní, “Ó dáa. Ti Táyé ńkọ́?”

Inú Kẹ́hìndé kọ́kọ́ ru. Ó fẹ́ẹ́ sọ pé ṣé òun ò lè ní fọ́tò kan ṣoṣo láyé yìí tó jẹ́ tòun nìkan ni? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ìyá arúgbó náà, ó rántí bàtà tó wà nínú àpótí láti ọdún 1979 tẹ́nikẹ́ni ò wọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì.

Ó mọ̀ pé lórí kọ̀ǹpútà, òun lè sọ ẹni kan di méjì kí ojú tó ṣẹ́. Ó ní òun ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀yìn kámẹ́rà sẹ́yìn sí i kí àga méjì lè gba inú ẹ̀, ó gbé àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kò sì fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́ bí kò ṣe táímà. Ó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ya tiẹ̀. Ó tún gèlè ẹ̀ wé lọ́nà mìíràn, ó lọọ jókòó lọ́wọ́ òsì, ó ya ti Táyé. Ní ti Táyé yìí, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà sí Èkó, ó bẹ tíṣà, tíṣà sì kọ́ ọ bó ṣe máa so méjèèjì pọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì bára mu, ìlà kankan ò sí láàárín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní kíláàsì, ẹyọ kan ṣoṣo ni Kẹ́hìndé mú wá, èyí tó dá jókòó. Tíṣà wò ó pẹ́. Ó ní, “Mummy, ẹ ò wo kámẹ́rà.” Kẹ́hìndé ní bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà ní kó má tún un yà.

Fọ́tò oníméjì yẹn ti wà ní Ìlá, lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún 1979. Ìyá Ìbejì ń fi han àlejò pé àwọn ọmọ òun ti dàgbà. Èyí tí Kẹ́hìndé dá yà ló gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn sítáì tuntun tó ti ń fúnra ẹ̀ yà báyìí, tí àwọ̀ wáìnì ń jáde ní wáìnì.

Bí kọ́sítọ́mà bá yìn ín, Kẹ́hìndé á ní kí wọ́n lọọ wo fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé wọn dáadáa, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn, torí fọ́tò ò lẹ́nu. Bí wọ́n bá wáá bi í pé ta ló ya tiẹ̀ yìí, á ní òun ni. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló wà nínú ẹ̀, á ní òun náà ni.